Iṣẹ́ Ọwọ́ Fún Àwọn Ọmọbìnrin Tí Ogun Tú Ilé Wọn Ká

Ẹni tí ó bá rìn káàkiri Mushin ní ọjọ́ Sátidé kò ní ṣàì bá àgọ́ kan pàdé lójú títì. Àga á wà ní títò, ìlù á máa dún, ọmọbìnrin kan á sì kúnlẹ̀ níwájú ìyá-ọ̀gá rẹ̀ láti gba ìwé ẹ̀rí àti àlùmọ́gàjí. Ó ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó gba fírídọ́ọ̀mù. Ọjọ́ ayọ̀ ni, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìrẹsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í béèrè níwájú àlejò: níbo ni maṣíìnì tí ọmọ yìí yóò fi ránṣọ ní ọjọ́ Ajé wà?

Ó pẹ́ tí àwọn òbí ti ń mú ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, kí a bá wọn kà á tàbí kí a bá wọn kọ ọ́. Iye ọdún wà nínú rẹ̀, owó ìwọlé wà níbẹ̀, owó ìjáde wà níbẹ̀. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ní oṣù kìíní lẹ́yìn tí ó bá jáde, a kò tí ì rí i kà níbẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nípa ohun tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Làìbéríà, níbi tí ogun ti fọ́ ọjà, tí ó sì ti ilé ẹ̀kọ́ pa, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan iṣẹ́ àwọn ọmọbìnrin.

Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1989. Ó rọlẹ̀ ní 1997, ó tún rú ní 1999, kò sì tán títí di oṣù kẹjọ ọdún 2003, nígbà tí àwọn tí ń jà fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Accra. Àwọn àgbà nínú yín kò ní gbàgbé, nítorí àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ sójà lọ síbẹ̀ láti ọdún 1990 lábẹ́ ECOMOG, àwọn mìíràn kò sì padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó sá fún ogun náà dé ilẹ̀ wa, tí a fi wọ́n sí àgọ́ ní Orù, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní ọdún 2003 kan náà ni àwọn obìnrin Monrovia, Kristẹni àti Mùsùlùmí pọ̀, wọ aṣọ funfun, tí wọ́n jókòó nínú òjò àti nínú oòrùn láti bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà. Leymah Gbowee ni ó ṣáájú wọn. Ní 2011 ó gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Ellen Johnson Sirleaf, ẹni tí ó di ààrẹ ilẹ̀ náà ní 2006.

Àlàáfíà dé, ṣùgbọ́n kí ni ọmọbìnrin yóò jẹ? Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá nígbà tí ó parí. Láàárín wa níhìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ bí a ti ń kó ọjà, bí a ti ń ya ojú owó sọ́tọ̀ kúrò lára èrè, ẹni tí a lè tà fún ní àwìn àti ẹni tí a kò gbọdọ̀ tà fún. Ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú ìwé kankan. Nígbà tí ìyá bá ń sá láti ìlú dé ìlú, kò sí ìsọ̀ tí ọmọ yóò jókòó sí. Ohun tí ogun jí gbé nìyẹn, ojú kì í sì í rí i bí ó ti ń rí ilé tí ó jóná.

Ní ọdún 2009, Iléeṣẹ́ Ìjọba Làìbéríà tí ń bójú tó ọ̀ràn obìnrin, òun pẹ̀lú Báńkì Àgbáyé, dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní EPAG. Nike Foundation àti ìjọba Denmark wà lára àwọn tí ó fi owó ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Àwọn ọmọbìnrin bíi 2,500, tí ọjọ́ orí wọn wà láti 16 dé 27, ni wọ́n gbà, ní Monrovia àti agbègbè rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ nínú kíláàsì. Oṣù mẹ́fà mìíràn sì tẹ̀ lé e tí a fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ tàbí láti dá òwò sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kọ́ òwò ṣíṣe. Àwọn ìyókù kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ilé kíkùn, ọlọ́dẹ àti mọ́tò wíwà. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a dé orí mọ́tò, nítorí ní àdúgbò wa, òbí tí ó bá gbọ́ pé ọmọbìnrin òun fẹ́ di dẹ́rẹ́bà yóò kọ́kọ́ pe ẹbí jọ ná.

Ohun tí ó wù wá jù ni àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n rántí. Àdúgbò tí àwọn ọmọ náà ń gbé ni wọ́n gbé kíláàsì sí, òmíràn ní òwúrọ̀, òmíràn ní ọ̀sán, kí ẹni tí ń ta nǹkan lè rí àyè. Ní ibi ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ẹni tí yóò máa tọ́jú ọmọ ọwọ́ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bímọ. Àwa ọkùnrin ì bá gbàgbé èyí pátápátá. A ì bá kọ́ ilé, kí a kun ún lọ́dà, kí a sì máa bínú pé àwọn obìnrin kò wá. Wọ́n sì ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ láti ṣí ìwé owó ní báńkì, kí owó tí wọ́n bá rí má baà tán sí ọwọ́ àwọn ará ilé.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Kèké ni wọ́n ṣẹ́, tí àwọn kan fi ṣáájú, tí àwọn kan sì dúró de ìgbà kejì, kí a lè fi àwọn tí ó ti kọ́ṣẹ́ wé àwọn tí kò tí ì kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n, iye àwọn tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́ fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí ń dúró lọ, owó tí ń wọlé fún wọn sì fi ìdá 80 jù ú lọ. Àwọn tí ó kọ́ òwò ni ó jàǹfààní jù. Èyí kò yà wá lẹ́nu, nítorí ní ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ogun, ọ́fíìsì kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ènìyàn kì í ra ata. Kí a má sì ṣe jẹ́ kí iye náà pa wá lójú jù: ìdá 80 lórí owó kékeré, owó kékeré náà ni. Ètò náà sì gbówó lórí, ó ju 1,000 dọ́là lọ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ní àríwá Uganda, níbi tí àwọn ọmọ ogun LRA ti da ìlú rú fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Ní abúlé 120, àwọn tálákà 1,800, tí púpọ̀ wọn jẹ́ obìnrin, gba ẹ̀kọ́ òwò ọjọ́ márùn-ún péré, ojú owó 150 dọ́là, àti ẹni tí ń bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn náà. Owó tí ń wọlé fún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nínú ilé wọn, ẹnu obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ tólẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀ràn yẹn ń bẹ ní Surulere náà, a ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ní ìlú méjèèjì, wọn kò fi ọmọ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ parí. Orílẹ̀-èdè tiwa náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ogun: láti ọdún 2009 ni ti Borno ti ń sọ obìnrin di aláìnílé, àwọn kan sì ti sá dé Èkó yìí, tí wọ́n ń wá ọ̀gá tí yóò gbà wọ́n.

Láìpẹ́ yìí, ìyá kan mú ìwé àdéhùn ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa ní Yaba, iṣẹ́ aṣọ rírán, ọdún méjì. A béèrè lọ́wọ́ ìyá-ọ̀gá bóyá a lè fi ìlà kan kún un: pé fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn fírídọ́ọ̀mù, ọmọ náà yóò máa lo ọ̀kan nínú maṣíìnì rẹ̀ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, fún oníbàárà tirẹ̀. Ìyá-ọ̀gá dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Bàbá, òwú ńkọ́? Ta ni yóò ra òwú?” Ìyá ọmọ ní òun yóò rà á. Wọ́n tún jiyàn lórí owó iná títí ilẹ̀ fi ṣú, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.