Jíìpù tòkunbọ̀ ní Ìdáàṣà: Owó tí ẹ fi rà á kọ́ ni gbogbo owó rẹ̀

Paouignan ni a wà, a kò tíì dé Dassa-Zoumè tí Yorùbá ń pè ní Ìdáàṣà, nígbà tí ooru ẹ́ńjìnì jíìpù wa wọ ojú pupa. Èéfín funfun ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn òkè olókùúta Ìdáàṣà ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwa mẹ́fà la wà nínú mọ́tò, a ń lọ bá ọ̀rẹ́ wa kan sin ìyá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká bu omi sí i, ká máa rọra lọ," ni ẹni tó ń wà wá wí. A bu omi sí i, a sì ń lọ. Ohun tó ba ẹ́ńjìnì náà jẹ́ nìyẹn.

Mẹkáníìkì tó tú u ní Ìdáàṣà fi ohun tó rí hàn wá. Ìpẹtà ti sọ omi inú rédíétọ̀ di ẹrẹ̀ pupa, ó sì ti dí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà. Wọ́n ti yọ tẹ́mọ́síátì, ìyẹn ohun kékeré tó ń darí omi tó ń yí ẹ́ńjìnì ká. Ó ní, "Bàbá, kí mọ́tò má baà gbóná lójú yín lọ́jọ́ tí ẹ ń rà á ni wọ́n ṣe yọ ọ́. Ká ní ẹ pa á nígbà tó kọ́kọ́ gbóná ni, rédíétọ̀ nìkan là bá pààrọ̀."

Orí ẹ́ńjìnì ti tẹ̀, tọ́ọ̀pù gáásíkẹ́ẹ̀tì sì ti jó. Owó àtúnṣe rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí a fi ra jíìpù ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ wa. Nítorí ẹni tó ń kó owó jọ lọ́wọ́ láti ra irú rẹ̀ ni a ṣe kọ ìròyìn yìí.

Níbo ni wọ́n ti ń wá?

Èbúté Cotonou jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ibi tí mọ́tò àlòkù ń gbà wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ń kó wọn sí ọgbà ìtajà ní agbègbè Sèmè-Kpodji, kí àwọn kan tó gòkè lọ sí Bohicon, Ìdáàṣà àti Parakou. Ìdáàṣà tó nǹkan bí 200 kìlómítà sí Cotonou. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì: ọ̀kan lọ sí Savè àti Parakou, èkejì lọ sí Savalou àti Djougou.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, UNEP, sọ lọ́dún 2020 pé mọ́tò àlòkù kéékèèké tí wọ́n tà sókè òkun láàrin 2015 sí 2018 tó mílíọ̀nù 14. Ìdá 40 nínú 100 ló wá sí Áfíríkà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ rántí pé láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Owó pọ́ọ́kú tí wọ́n dá lé e ní Cotonou kọ́ ni iye tí yóò ná yín.

Omi tó ń wọ inú gíà

Ẹni tó bá fẹ́ra Nissan Pathfinder tí wọ́n ṣe láàrin 2005 sí 2010 gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rédíétọ̀ rẹ̀. Rédíétọ̀ kan náà ló ń tu omi ẹ́ńjìnì àti ọ́ìlì gíà lára. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ohun tó pààlà sáàárín méjèèjì máa ń là nínú, omi á sì wọ inú gíà. Àwọn onímọ́tò gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì fa géèjì gíà yọ. Bí ọ́ìlì náà bá rí bíi wàrà tí a po osùn mọ́, omi ti dé ibẹ̀ nìyẹn, gíà náà kò sì ní pẹ́ kú. Àwọn tó gbọ́n máa ń pààrọ̀ rédíétọ̀ rẹ̀ kó tó là rárá, nítorí owó rédíétọ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gíà.

Bẹ́líìtì àti ẹsẹ̀

Toyota 4Runner tí wọ́n ṣe láàrin 1996 sí 2002, tó ní ẹ́ńjìnì V6, ń lo táímìn bẹ́líìtì. Bákan náà ni Highlander V6 ti 2001 sí 2007. Ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 90,000 máìlì, ìyẹn nǹkan bí 145,000 kìlómítà. Bó bá já, mọ́tò á kú lójú ọ̀nà. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì mìíràn, fáàfù á kọlu písítìn, ẹ́ńjìnì á sì bàjẹ́ pátápátá. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí owó tí ẹ máa ná.

Ọ̀nà ńlá tó gba Ìdáàṣà kọjá kò burú fún jíìpù. Ọ̀nà tó yà lọ sí àwọn abúlé bíi Soclogbo, Lèma tàbí Tré ló ń jẹ ẹsẹ̀ mọ́tò. Òkúta àti kòtò ń pa ṣọ́ọ̀kì, wọ́n sì ń gbó bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Ẹ má fi bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ 4Runner wọ̀nyí ṣeré: bó bá yọ, táyà iwájú á dojú dé.

Máìlì kì í ṣe kìlómítà

Ọ̀pọ̀ jíìpù wọ̀nyí wá láti Amẹ́ríkà, máìlì ni wọ́n sì fi ń ka ìrìn. Bí ẹ bá rí 150,000 lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ti rin ohun tó lé ní 241,000 kìlómítà.

Ẹ tún ka nọ́ńbà ṣáásí, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Nínú ti Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún mọ́tò: 5 dúró fún 2005, A dúró fún 2010. Bí èyí kò bá bá ohun tó wà nínú ìwé mu, ẹ máa lọ sílé yín.

Epo àti ìwé

Irú jíìpù V6 bẹ́ẹ̀ máa ń mu nǹkan bí lítà 14 ní 100 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ Cotonou sí Ìdáàṣà jẹ́ nǹkan bí lítà 56. Mọ́tò kékeré tó ń mu lítà 8 yóò lo 32. Kpayo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà lè dín owó kù, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń ba pọ́ọ̀ǹpù epo àti nọ́sù jẹ́. Látìgbà tí Nàìjíríà sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo pàápàá ti gbówó lórí.

Ìṣíǹṣọ́ wà níbẹ̀, àyẹ̀wò mọ́tò tí wọ́n ń pè ní "visite technique" wà níbẹ̀, owó orí mọ́tò tí wọ́n ń pè ní TVM náà sì wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Bí agbára ẹ́ńjìnì bá ṣe pọ̀ tó ni TVM ń pọ̀ sí i.

Kí ẹ tó sanwó

• Ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Bó bá ti gbóná, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣíná fún un kí ẹ tó dé.

• Nígbà tó tutù, ẹ ṣí rédíétọ̀. Omi pupa bí ẹrẹ̀ kò dára.

• Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Bí ohun kan bá lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ mímu, omi lè ti wọ ọ́ìlì.

• Ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ tan éésì, kí ẹ sì máa wo ooru ẹ́ńjìnì.

• Mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

• Bí owó yín bá jẹ́ mẹ́wàá, ẹ má fi ju méje lọ ra mọ́tò. Àtúnṣe ọdún àkọ́kọ́ ló ni mẹ́ta tó kù.

Bí ooru bá sì ti wọ ojú pupa, ẹ dúró, ẹ pa á, ẹ má ṣí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù. Ẹ pe ẹni tí yóò wọ́ ọ.

Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn sẹmíjà ni a gún dé ilé òkú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ti sin ìyá tán.