Ibi Tí Wọ́n Fojú Sí, Ọ̀nà Ò Gbabẹ̀ Lọ: Tọkọtaya Tó Sá Fún Òtútù Dé Ilẹ̀ Faransé

Ẹni tó bá ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé á rántí Treasure Island, ìtàn àwọn olè ojú omi àti ìṣúra tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ọkùnrin ará Scotland kan, Robert Louis Stevenson, ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ ìwé náà ló mọ ohun tí ojú òun àti ìyàwó ẹ̀ rí nílẹ̀ Faransé láti 1882 sí 1884. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ o. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó tó ń jayé kiri. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Àtikékeré ni àyà ti ń da Stevenson láàmú. Nígbà tó dàgbà, tó bá wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa tẹnu ẹ̀ jáde. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni àwọn dókítà ìgbà yẹn ń fura sí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò ẹ̀. Ọdún 1943 ni wọ́n tó rí èyí àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí dókítà lè sọ fún aláìsàn ò ju pé kó kúrò níbi òtútù, kó lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti dára. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rí já jẹ fi ń wọ́ lọ sí etíkun gúúsù Faransé nígbà òtútù, torí oòrùn ń ràn níbẹ̀.

Fanny lorúkọ ìyàwó ẹ̀, ará Amẹ́ríkà ni. Obìnrin yìí fi ọdún mẹ́wàá ju ọkọ ẹ̀ lọ, ó sì ti lọ́kọ rí, ó ti bímọ, kí wọ́n tó pàdé nílẹ̀ Faransé ní 1876. Ní 1880 ni wọ́n ṣègbéyàwó ní San Francisco. Ẹni tó bá ń sọ pé obìnrin tó ju ọkọ lọ ò lè tọ́jú ọkọ, kó fetí sílẹ̀.

Lóṣù Kẹsàn-án 1882, Stevenson àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ kan ṣíwájú lọ wá ilé. Ara Fanny ò yá nígbà náà, ló fi dúró sẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ dé Montpellier, ẹ̀jẹ̀ tún dà. Lóṣù Kẹwàá ni ìyàwó bá a ní Marseille, wọ́n sì háyà ilé kan tí wọ́n ń pè ní Campagne Defli ní Saint-Marcel, lẹ́bàá ìlú náà. Inú wọn dùn. Wọ́n ní àwọn dé ibi tí àwọn á ti sinmi.

Àṣé ilé la rí, a ò rí atẹ́gùn. Ní agbègbè yẹn, atẹ́gùn kan wà tí wọ́n ń pè ní mistral. Láti àríwá ló ti ń fẹ́ wá, ó gbẹ, ó le, ó tutù, bí ọyẹ́ tó ń fẹ́ láti òkè Ọya ṣe ń ṣe wá, àmọ́ tiẹ̀ ń gún egungun. Ara ọkùnrin náà ń burú sí i. Nígbà tó máa fi di oṣù Kejìlá, àìsàn ibà tó ń ràn bẹ́ sílẹ̀ ní Saint-Marcel. Ni ètò bá yí padà. Wọ́n ní kí ọkọ tètè wọ rélùwéè lọ sí Nice, kí ìyàwó dúró di ẹrù, kó tẹ̀ lé e.

ỌKỌ LỌ, ÌRÒYÌN Ò DÉ

Stevenson ní òun á ránṣẹ́ tóun bá dé, ó sì ránṣẹ́ lóòótọ́. Ó kọ lẹ́tà, ó tẹ wáyà, kò sí ọ̀kan tó dé ọwọ́ ìyàwó ẹ̀. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, Fanny ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ń pọ ẹ̀jẹ̀, tó dá wọ rélùwéè! Fanny bá gba ibùdókọ̀ ojú irin lọ. Ó ń tẹ wáyà káàkiri ojú ọ̀nà, ó ń bi ọlọ́pàá. Àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àìsàn ló kì í mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tó kú, tí wọ́n sì ti sin ín. Wọ́n ní kó máa lọlé lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ìyàwó olówó orí!

Fanny ò jókòó. Ó wá ọkọ ẹ̀ títí tó fi bá a ní Nice, láàyè, lálàáfíà.

Bí 1883 ṣe wọlé, wọ́n fi ilé Saint-Marcel sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti rìn síhìn-ín rìn sọ́hùn-ún, wọ́n yà sí Hyères, ìlú kan lẹ́bàá Toulon tí kò sí nínú ètò tí wọ́n bá kúrò nílé. Ilé kékeré kan tó ń jẹ́ La Solitude ni wọ́n gbà. Àwòṣe ilé onípákó ilẹ̀ Switzerland ni, tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn níbi ìpàtẹ ńlá Paris ní 1878 kí wọ́n tó wá tò ó síbẹ̀. Ilé ọ̀hún kéré, àmọ́ ọgbà ẹ̀ dára. Ibẹ̀ ni Stevenson wà lóṣù Karùn-ún 1883 nígbà tí àwọn atẹ̀wétà ní àwọn á san £100 fún Treasure Island. Owó ńlá ni nígbà náà.

IKÚ YỌJÚ, KÒ RÍ I MÚ

Ayọ̀ ò pé kí wàhálà má tẹ̀ lé e. Lóṣù Kìíní 1884, àwọn ọ̀rẹ́ wá kí wọn, wọ́n sì jọ lọ ṣeré ní Nice. Ibẹ̀ ni òtútù ti mú ọkọ débi tí dókítà fi ní kí Fanny wá ọkùnrin ará ilé kan sítòsí, bóyá ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Ọlọ́run yọ ọ́.

Lóṣù Karùn-ún, ẹ̀jẹ̀ tún ya ní Hyères, tí kò lè sọ̀rọ̀. Ó gba pépà, ó kọ ọ́ pé kí ìyàwó òun má bẹ̀rù. Tó bá jẹ́ ikú nìyí, kò le. Ọwọ́ Fanny ń gbọ̀n, kò lè wọn oògùn. Ọkọ tó wà lẹ́nu ikú gba ìgò lọ́wọ́ ẹ̀, ó fọwọ́ ara ẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Kò pẹ́ ni àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Toulon. Wọn ò dúró rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lóṣù Keje 1884 wọ́n ti padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Stevenson lo ọdún mẹ́wàá sí i láyé. Ó kú ní Samoa ní 1894, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Kó tó kú, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan pé ìgbà kan ṣoṣo ni inú òun dùn láyé òun: ní Hyères. Ìlú tí wọn ò pète ẹ̀ ni o.

Ètò dára, àmọ́ ẹ̀mí ló ń jẹ ètò. Tọkọtaya yìí ò torí pé wọ́n ti gba ilé kí wọ́n jókòó de ikú. Lónìí, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti loògùn. Ẹni tó bá wúkọ́ kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ ṣàyẹ̀wò ní ọsibítù ìjọba.

Ẹ̀yin ọkọ tó ń rìnrìn-àjò, tẹ́ ẹ bá débi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ ránṣẹ́ sílé. Tẹ́ ò bá sì gbọ́ èsì, ẹ tún un rán.