Ìyípadà ilé àti ìsọ̀ ní Sùúrùlérè

Sùúrùlérè jẹ́ agbègbè ibùgbé àti ìṣòwò ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Nàìjíríà. Kò sí lórí erékùṣù Èkó. Ó wà ní òdìkejì ọ̀sà, nítòsí Yábàá àti Múṣin. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni pé sùúrù ní èrè. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ìjọba kọ́ apá kan nínú rẹ̀ fún àwọn ènìyàn tí wọ́n kó kúrò ní erékùṣù. Ibùgbé ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, òwò wọ àwọn òpópónà rẹ̀ ní ilé kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi di ọjà.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní ọdún 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀ nígbà tí àrùn kan tí eku ń tàn kálẹ̀ ń pa àwọn ará Èkó. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti wó àwọn ilé tó há jù, kí ó sì la àdúgbò tuntun. Ní ọdún 1955, nígbà tí òmìnira ti ń sún mọ́ etílé, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 70 ní àárín erékùṣù Èkó láti tún un kọ́. Wọ́n ṣètò pé àwọn onílé lè padà wá ra ilẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọn yóò san ju èyí tí ìjọba san fún wọn lọ. Sùúrùlérè ni wọ́n kọ́ ilé sí fún àwọn tí wọ́n lé kúrò.

Ilé láìsí oníbàárà

Ní àwọn agboolé erékùṣù, ilé àti ọjà kò jìnnà síra. Obìnrin lè pàtẹ sí iwájú ilé, aránṣọ lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbátan tó wà nítòsí sì lè bá ìyá ọlọ́jà mójú tó ọmọ. Àwọn ilé tuntun ti Sùúrùlérè jẹ́ ilé ilẹ̀ kéékèèké tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Afẹ́fẹ́ àti àyè wà níbẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ.

Onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀, ó sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1961. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ pàdánù oníbàárà wọn, nítorí pé àwọn oníbàárà kò bá wọn kó lọ. Owó ọkọ̀ lójoojúmọ́ di ìnira, àwọn ẹbí tó ti ń gbé papọ̀ sì túká.

Bí ìsọ̀ ṣe padà wọlé

Àwọn olùgbé fúnra wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí títì lè fọ́ ògiri yàrá iwájú, kí ó fi ilẹ̀kùn sí i, kí ó sì sọ ọ́ di ìsọ̀. Àwọn mìíràn gbé àtíbàbà tàbí ìsọ̀ onípákó kalẹ̀ sí ojúde, tàbí kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìdí ọgbà ilé. Owó tí ó ń wọlé lórí ìsọ̀ ojú títì sábà máa ń ju ti yàrá ìsùn lọ. Bí ẹbí ti ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ilé ilẹ̀ di ilé alájà: ìsọ̀ wà nísàlẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń gbé lókè.

Ìgbà owó epo

Ní ẹ̀wádún 1970, owó epo rọ̀bì àti ọ̀nà títì tuntun fa ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọ̀mọ̀wé sí agbègbè náà. Wọ́n parí pápá ìṣeré ńlá ti orílẹ̀-èdè ní ọdún 1972, ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ìkejì sì wáyé níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1973. Afárá Èkó, tí wọ́n parí ní ọdún 1975, mú ìrìn àjò lọ sí erékùṣù rọrùn. Àwọn ilé ńlá olọ́gbà gbilẹ̀ ní òpópónà Bode Thomas àti ti Adeniran Ogunsanya. Ilé-iṣẹ́ LSDPC, tó rọ́pò LEDB ní ọdún 1972, ní ilé ìtajà ńlá kan ní òpópónà Adeniran Ogunsanya.

Láti ilé gbígbé sí ilé ajé

Ní ẹ̀wádún 1990, Sùúrùlérè di ibùdó àwọn òṣèré àti olùgbéjáde fíìmù fídíò, tí wọ́n máa ń pàdé ní ilé ìtura Winis. Lẹ́yìn tí fóònù alágbèéká dé ní ọdún 2001, ìsọ̀ fóònù pọ̀ lójú títì. Báńkì, ilé oúnjẹ àti ilé aṣọ gba ọ̀pọ̀ ilé olọ́gbà tí ẹbí ń gbé tẹ́lẹ̀. Kódà, inú ọgbà pápá ìṣeré náà gan-an di ibi tí ilé ọtí àti ìsọ̀ wà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wó ilé ìtajà àtijọ́ ti LSDPC, tí wọ́n sì kọ́ ilé ìtajà ìgbàlódé alámùúlétutù sí ipò rẹ̀.

Ipa lórí àwọn olùgbé

Ìyípadà náà mú ajé wá sí ìtòsí ilé, ó sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹbí rí owó gbà lórí ilé wọn. Ṣùgbọ́n ó tún mú ariwo jẹnẹrétọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ àti ọ̀wọ́n owó ilé wá. Àǹfààní àti ìnira yìí kò kan gbogbo ènìyàn bákan náà. Onílé ojú títì lè sọ yàrá di ìsọ̀. Ayálégbé tí owó ilé ti ga jù fún níláti kó lọ síbi tó jìnnà sí oníbàárà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará erékùṣù ti ṣe lẹ́yìn ọdún 1955.