Rúùmù kan, sípíkà mẹ́fà! Ẹ ṣọ́ra kí hóòmù tíátà má gba owó yín lásán

Ó ti di àṣà báyìí. Tí ọmọkùnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá, bó bá ti ra bẹ́ẹ̀dì, tó ra fáànù, tó sì ra tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ́ mọ́ ògiri, hóòmù tíátà lọkàn rẹ̀ máa ń fà sí tẹ̀lé e, ìyẹn ẹ̀rọ onísípíkà mẹ́fà tí ìró rẹ̀ ń yí èèyàn ká bíi pé inú sinimá lèèyàn jókòó sí. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wa bọ́ọ̀sì tàbí tó dúró sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbádùn ara rẹ̀ bó bá délé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń fi owó oṣù méjì mẹ́ta ra ohun tí yàrá wọn kò lè gbà, tí ìjà ará ilé á sì bá a wọlé.

Ọjà lọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ń dojú rú. Ní Àlàbá l'Ékòó, tí oníbàárà bá ti ń wòkè wòlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọjà á ti pè é.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé, ẹ wá wo èyí. Wáàtì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni o! Bí ẹ bá tan án, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé ẹ ti dé.”

“Àbúrò, ṣé òótọ́ ni wáàtì yẹn ṣá?”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n kọ ọ́ sára páálí ni àbí wọn ò kọ ọ́?”

Lóòótọ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ rà á wo lẹ́tà tó tẹ̀lé iye náà. Tó bá jẹ́ PMPO ni wọ́n kọ, kò sóhun tó wà níbẹ̀ ju ẹnu dídùn lọ. Agbára tí wọ́n ní ẹ̀rọ náà lè tú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá péré ni wọ́n ń kà, tí wọ́n á tún fẹ̀ ẹ́ lójú. RMS ni wáàtì gidi, èyí tí ẹ̀rọ lè gbé títí tí kò ní rẹ̀ ẹ́. Ọgbọ́n kan tún wà: ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà síta, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbi tí wáyà iná ti wọlé. Tó bá jẹ́ wáàtì 60 ló ń jẹ, níbo ló ti fẹ́ rí 3,000 tó máa pọ̀ jáde? Kò sẹ́ni tó ń bu omi kẹ́ẹ̀gì kan wọlé kó tú u jáde ní tánkì.

Ẹ sì wo yàrá tí wọ́n ń gbé e lọ. Nínú àwọn ilé face-me-I-face-you tó kún Múṣin àti Agége, yàrá tó bá tó ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú, 12 lóròó, onítọ̀hún ti ríṣe. Wáàtì gidi 20 sí 30 lórí sípíkà kọ̀ọ̀kan ti tó irú yàrá bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ lè pọ̀jù.

Ọ̀rọ̀ sípíkà mẹ́fà wá ńkọ́? Sinimá ló ti wá. Fíìmù Batman Returns tó jáde lọ́dún 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú ìró tí wọ́n ń pè ní Dolby Digital gbé jáde, kó tó di pé ó wọ ilé èèyàn. Márùn-ún nínú sípíkà náà ló ń gbé ohùn, ìkẹfà tí í ṣe wúfà ló ń gbé béèsì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ 5.1 sí i lára. Ọ̀kan á wà láàárín, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré. Méjì á wà níwájú, lọ́tùn-ún àti lósì. Méjì tó kù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wòran, kí wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, àwọn yẹn ló ń gbé ariwo òjò àti èrò inú pápá bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì ti fara ti ògiri ẹ̀yìn, tí kọ́bọ́ọ̀dù gba ẹ̀gbẹ́ kan, tí ilẹ̀kùn gba ìkejì, níbo ni tẹ̀yìn fẹ́ jókòó sí? Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé téèyàn bá dé, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n bí ìkòkò oníkòkò. Ìró kankan kò lè yí èèyàn ká níbẹ̀ mọ́, ariwo lásán ni.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò tiẹ̀ fura sí ni ti wáyà. Wáyà pupa àti funfun tí wọ́n fi ń so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ẹ̀rọ, ohùn méjì péré ló ń gbé. Bluetooth tó wà lára fóònù náà, méjì ni. Àwọn àwo Sunny Ade, Obey àti Barrister táwọn èèyàn ń gbọ́ lálaalẹ́, ohùn méjì ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ọ̀tún àti òsì. Tí wọ́n bá gbé e sórí sípíkà mẹ́fà, ẹ̀rọ náà kàn ń dọ́gbọ́n pín in kiri ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ 5.1 gidi nínú fíìmù, kó wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bóyá ojú ihò HDMI kan wà tí wọ́n kọ ARC sí, kó sì ra ẹ̀rọ tó ní irú rẹ̀.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí yàrá rẹ̀ sì kéré, sípíkà méjì àti wúfà kékeré kan, èyí tí wọ́n ń pè ní 2.1, ló bọ́gbọ́n mu jù. Owó pọ́ọ́kú tí wọ́n pín sórí sípíkà mẹ́fà, tí wọ́n bá ná an sórí mẹ́ta, ohùn àwọn mẹ́ta á já geere jù ú lọ. Soundbar náà dára, sípíkà gbọọrọ tó ń sùn sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ràn fíìmù Yorùbá, torí ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yéni dáadáa níbẹ̀. Kí wọ́n má kàn retí pé yóò máa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wọn.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ojúlówó pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kí wọ́n ka fóòtì rẹ̀. Ti Japan ń lo 100, ti Amẹ́ríkà ń lo 120, 230 sì ni iná Nàìjíríà. Ẹni tó bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, èéfín ló máa kọ́kọ́ rí. Kí wọ́n sì gbé orin tí wọ́n mọ̀ dunjú dání sórí fóònù, kí wọ́n yí ohùn sókè dé ìdajì, kí wọ́n fetí sí i bóyá nǹkan ń gbọ̀n nínú àpótí. Èyí tí wọ́n bá dán wò ni kí wọ́n gbé lọ o, kì í ṣe ìkejì rẹ̀ tó wà nínú páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pa.

Tó bá wá délé, wúfà ni kí wọ́n fún ní àkókò jù. Béèsì kì í mọ ògiri. Ẹni tó wà nínú yàrá ń gbọ́ orin, ìyá tó wà ní yàrá kejì ń gbọ́ gbì-gbì-gbì nìkan. Tí wọ́n bá tì í mọ́ kọ̀rọ̀ ògiri, ńṣe ló máa ń búra sí i. Ọgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ni pé wọ́n á gbé wúfà sórí àga tí wọ́n fẹ́ máa jókòó sí, wọ́n á tan orin, wọ́n á wá máa rákò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibi tí béèsì bá ti dún mọ́lẹ̀ ṣinṣin tí kò dún bọ̀ǹbọ̀n, ibẹ̀ ni kó jókòó sí. Kí wọ́n fi fóòmù tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, ó máa ń dín gbígbọ̀n ilẹ̀ kù díẹ̀.

Ẹjọ́ ariwo wà l'Ékòó, ẹ má tàn ara yín. Àjọ LASEPA ló ń rí sí i, 55 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fàyè gbà ládùúgbò tí èèyàn ń gbé lọ́sàn-án, 45 lóru. Ti etí àwọn ọmọ tó ń sùn nínú yàrá kan náà tún wà níbẹ̀, torí àjọ ìlera àgbáyé sọ pé 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni àgbàlagbà lè gbà, ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní bọ́tìnnì kan lórí rìmóòtù tí wọ́n kọ Night sí. Ó máa ń rẹ ariwo ìbọn sílẹ̀, á sì gbé ọ̀rọ̀ ẹnu sókè. Òmíràn á lo ẹ̀rọ náà fún ọdún mẹ́ta, kò ní tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí tí lánlọ́ọ̀dù fi máa fún un ní ìwé pé kó kó jáde.