Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Nígbà tí Kòrónà ti ọjà Ìwó pa

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba Ọ̀ṣun ní kí oníkálukú jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà. Òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù lè jókòó. Aláta ọjà Odò-Orí n'Ìwó tó ń fi owó òní ra oúnjẹ òní ńkọ́? Ọlọ́kadà ńkọ́?

Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, ọrọ̀-ajé Nàìjíríà fi nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún súnkì. Báńkì àpapọ̀ ya bílíọ̀nù 50 náírà sọ́tọ̀ láti yá ìdílé àti oníṣòwò kéékèèké. Ó dára. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà ṣì wà nínú ilé ìkẹ́rù l'Ẹ́dẹ títí aráàlú fi já wọbẹ̀ lóṣù Kẹwàá! Kí àrùn mìíràn tó dé, ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ ti ní orúkọ aláìní àdúgbò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́.