Eré Ìjà Orí Ẹ̀rọ àti Ojúṣe Òbí

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ní ayé àtijọ́, ayò, àlọ́ àti eré òṣùpá ni àwọn ọmọ fi ń najú ní ìrọ̀lẹ́. Lónìí, géèmù ti wọ ilé. Òmíràn wà lórí tẹlifísọ̀n, òmíràn wà nínú fóònù tí ìyá fi ń pe oníbàárà, òmíràn sì wà ní ìsọ̀ tí àwọn ọmọ ti ń sanwó ṣeré. Ìyá tí ó ń tajà ní Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde lè má tètè darí wálé. Láàárín ìgbà tí ilé-ìwé parí sí ìgbà tí ìyá dé, ta ni ó mọ ohun tí ọmọ ń wò?

Irú eré wo ni à ń sọ?

Kì í ṣe gbogbo géèmù ni ó burú. Òmíràn jẹ́ ti bọ́ọ̀lù, òmíràn sì ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Èyí tí ó ń kọni lóminú ni èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ ti ń yìnbọn, tí ó ń gún ènìyàn lọ́bẹ, tí eré náà sì ń fún un ní máàkì nítorí pé ó pa ẹlòmíràn.

Nígbà tí Mortal Kombat jáde ní ọdún 1992, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1993. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ń fi àmì ọjọ́ orí sí ara páálí géèmù níbẹ̀. Lẹ́tà M túmọ̀ sí pé ẹni ọdún 17 sókè ni ó wà fún. Ní Yúróòpù, láti ọdún 2003, nọ́ńbà 3, 7, 12, 16 àti 18 ni wọ́n ń lò. Àwọn òbí kan rò pé nọ́ńbà yìí ń sọ bí eré náà ti ṣòro tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú ohun tí ọmọ yóò rí nínú rẹ̀ ni ó ń sọ.

Kí ni ó lè ṣe fún ọmọ?

Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé ẹ̀rí kò tó láti sọ pé géèmù ìjà ni ó ń sọ ènìyàn di oníwà ipá. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ó tan díẹ̀ mọ́ ìbínú, bíi kí ọmọ máa jágbe mọ́ ẹlòmíràn tàbí kí ó máa tì í. Nítorí náà, kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru géèmù. Ọmọ tí ó ń rí ìjà láàárín bàbá àti ìyá rẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó burú ju ti ẹ̀rọ lọ.

Ewu mìíràn ni àkókò tí eré yìí ń gbà. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ ọdún 5 sí 17 gbọ́dọ̀ máa sáré, kí ó máa fò, fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò yẹ kí ó máa wo ojú ẹ̀rọ rárá; ti ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 1 lọ.

Ìgbà wo ni ó di àìsàn?

Láti oṣù Kìíní ọdún 2022 ni Àjọ náà ti ń ka àṣejù géèmù mọ́ àìsàn. Àmì rẹ̀ ni ìwọ̀nyí:

• ọmọ kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu lórí eré náà;
• ó fi eré ṣáájú oúnjẹ, ìwé àti ẹbí;
• ó ń bá a lọ bí ó tilẹ̀ ń pa á lára.

Bí èyí bá ti tó oṣù 12, tí ó sì ń ba ẹ̀kọ́ tàbí ìgbé ayé ọmọ jẹ́, ó ti kọjá ìbáwí lásán.

Kí ni kí òbí ṣe?

1. Ẹ jókòó ti ọmọ nígbà tí ó bá ń ṣeré. Ẹ bi í pé: kí ni o gbọ́dọ̀ ṣe kí o tó borí?

2. Ẹ wo nọ́ńbà tàbí lẹ́tà ara páálí kí ẹ tó rà á. Bí kò bá sí páálí, ẹ kọ́kọ́ wo eré náà fúnra yín.

3. Ẹ fi àkókò sí i. Kí iṣẹ́ ilé-ìwé àti iṣẹ́ ilé ṣáájú. Kí fóònù má sùn ti ọmọ.

4. Bí ẹ bá máa ń pẹ́ ní ọjà, ẹ fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí aládùúgbò tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ bá onísọ̀ géèmù sọ̀rọ̀ pé kí ó má gba ọmọ yín ní àkókò ilé-ìwé tàbí ní alẹ́.

5. Ẹ fún un ní ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀: bọ́ọ̀lù, ayò, ìwé, àti àlọ́ láti ẹnu yín.

6. Ẹ má ṣe lù ú nítorí géèmù. A kò lè fi ìjà kọ́ ọmọ pé ìjà kò dára.

7. Bí ọmọ kò bá sùn, tí kò jẹun, tàbí tí ó ń yẹra fún ènìyàn, ẹ mú un lọ sí ilé ìlera tí ó súnmọ́ yín. Ó lè jẹ́ pé ìbànújẹ́ ni ó ń sá fún. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta, ẹ má tijú.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fi ìtọ́sọ́nà, ìbáwí àti ẹ̀kọ́ ọmọ lé òbí lọ́wọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyá nìkan. Kí bàbá náà mọ orúkọ eré tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe àti ẹni tí ó ń bá a ṣe é. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.