Èdè-Ìperí Lítíréṣọ̀ Yorùbá Nínú Kíláàsì: Àpẹẹrẹ Láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni ó lè sọ ohun tí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ jẹ́ láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ewì alohùn tí a gbà sílẹ̀ ní ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́ kalẹ̀ fún un pé kí ó fa àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ mẹ́ta yọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di ìṣòro. Àìkàwé kọ́ ni ó fa èyí. Orísun méjì tí ó yàtọ̀ síra ni èdè-ìperí lítíréṣọ̀ Yorùbá ti ṣẹ̀ wá, àwọn ìwé-ẹ̀kọ́ a sì máa tò wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Iṣẹ́ yìí gbìyànjú láti ya orísun méjèèjì sọ́tọ̀, kí olùkọ́ lè mọ ọwọ́ tí yóò fi mú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Orísun kìíní ni ẹnu àwọn tí ó ni iṣẹ́ ọnà náà. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé ni wọ́n ti ń pe ìjálá ní ìjálá, tí wọ́n ń pe rárà, ẹ̀sà, ẹkún ìyàwó, oríkì, àlọ́, lílé àti ègbè bẹ́ẹ̀. Orísun kejì ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ohun tí a ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ tẹ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti rí ìfohunpènìyàn, ẹ̀dá-ìtàn, ibùdó ìtàn àti àhunpọ̀ ìtàn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ (1984), tí Ọládélé Awóbùlúyì sì jẹ́ olóòtú apá kejì (1990), ni ó mú kí ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fìdí múlẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Láìsí i, ìbá ṣòro kí akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó fi èdè Yorùbá jíròrò ìwé Yorùbá.

Ọ̀rọ̀-ìṣe gẹ́gẹ́ bí atọ́nà

Ewì ni orúkọ àkópọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lò, ṣùgbọ́n a kì í sáábà gbọ́ ọ lẹ́nu ọdẹ. Ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ní òun fẹ́ lọ ké ewì níbi ọdún Ògún. Yóò ní òun fẹ́ lọ sun ìjálá. Bí ó bá jẹ́ ìsípà ọdẹ tí ó ti kú ni, ìrèmọ̀jé ni yóò pè é. Orúkọ ń yí padà bí àyíká ìlò bá ti yí padà.

Ohun tí àwọn ìwé-ẹ̀kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fiyè sí ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó máa ń bá orúkọ wọ̀nyí rìn. A máa ń sun ìjálá, a máa ń sun rárà, a máa ń sun ẹkún ìyàwó. A máa ń pe ẹ̀sà, a sì máa ń pe ọfọ̀. A máa ń ki oríkì, a máa ń pa òwe, a máa ń pa àlọ́, a máa ń kọ orin. Kò sí ẹni tí ó ń pa rárà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ń sun òwe. Sun yìí kan náà ni ó wà nínú sunkún: ohùn tí a fà, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ geere, tí kò sì tíì di orin. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé sísun ni rárà ti mọ púpọ̀ nípa rẹ̀ kí olùkọ́ tó kọ ohunkóhun sójú pátákó.

Ọ̀rọ̀ yìí wúlò jù níbi tí oríkì wà, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ pé “oríkì ni rárà” tàbí pé “ẹ̀yà oríkì kan ni ẹkún ìyàwó.” Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú iṣẹ́ tí ó gbé jáde ní 1984 lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá, ti ya ewì tí a fi ìlò ohùn dá mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a fi àkóónú àti ìhun dá mọ̀. Oríkì, òwe, ọfọ̀, ẹsẹ Ifá àti àlọ́ àpamọ̀ wà ní ìsọ̀rí àkóónú. Ìjálá, rárà, ẹ̀sà àti ẹkún ìyàwó wà ní ìsọ̀rí ohùn. Ní ayé àtijọ́, ọmọbìnrin tí ó ń lọ sílé ọkọ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ a sun ẹkún fún àwọn òbí rẹ̀, a sì ki oríkì orílẹ̀ bàbá rẹ̀ nínú ẹkún náà. Onírárà tí ó dúró lójúde ààfin lè ki ìdílé yẹn kan náà; apẹ̀sà lè kì í lójú agbo eégún. Oríkì kan ni, ẹnu mẹ́ta, ohùn mẹ́ta. Oríkì dà bí aṣọ tí ẹni mẹ́ta lè rán ní ọ̀nà mẹ́ta. (Àwọn onímọ̀ èdè tilẹ̀ tún ń lo oríkì fún àlàyé ohun tí nǹkan jẹ́, èyí tí kò burú, nítorí pé ẹni tí a bá kì dáadáa ni a ti ṣàlàyé.)

Àfiwé àti ìfohunpènìyàn

Ohun tí ó wà nínú ìwé ni pé àfiwé tààrà ń lo bí, bíi, jọ tàbí dà bí, nígbà tí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ń pe ohun kan ní òmíràn láìlo wọn. Adé ga bí ọ̀pẹ jẹ́ tààrà. Ọ̀pẹ ni Adé jẹ́ ẹlẹ́lọ̀ọ́. Òótọ́ ni àlàyé náà. Aléébù rẹ̀ ni pé ó mú kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wá ni kiri inú gbólóhùn. Oríkì kì í sáábà sọ pé lágbájá ni nǹkan báyìí. Yóò kàn fi nǹkan náà sọ ọ́ lórúkọ. Ikú Bàbá Yèyé tí tọmọdé tàgbà fi ń kí Aláàfin kò ní ni kankan nínú. Agbára ikú, tí ẹnikẹ́ni kò lè bá wíjọ́, ni a gbé wọ ọba bí ẹ̀wù, ó sì parí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá gbólóhùn yóò fo àfiwé yìí kọjá láìmọ̀.

Ìfohunpènìyàn ní ìṣòro tirẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá kọ ọ́ pé ìyáàlù ń pe ọba, akẹ́kọ̀ọ́ a tètè kọ ìfohunpènìyàn sílẹ̀. Ní ìlú tí onílù ti ń fi dùndún ki ọba, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbólóhùn náà lè jẹ́. Bí onílù ṣe ń fún ọṣán tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́ ni ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ń jáde. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù yóò gbọ́ orúkọ ketekete. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá ní ìyáàlù ń sunkún nítorí pé ọba wàjà, ìfohunpènìyàn ti dé.

Àmì ohùn, ìtàn, àti orúkọ tí kò tíì dúró

Àìfàmìsí máa ń ba èdè-ìperí jẹ́ ju bí a ti rò lọ. Àròkọ ni ohun tí a rò kí a tó kọ. Àrokò ni ẹrù tàbí owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá fi ń ránṣẹ́. Ẹ̀dá-ìtàn ni ènìyàn inú ìtàn. Ẹ̀dà ìtàn ni ìtàn kan náà bí a ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dá-ìtàn yìí gba sùúrù ní Ọ̀yọ́. Gáà kì í ṣe orúkọ inú ìwé lásán níbẹ̀. Baṣọ̀run ni ní Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin Abíọ́dún ni ó sì bì í ṣubú ní 1774. Nígbà tí Adébáyọ̀ Fálétí gbé eré onítàn Baṣọ̀run Gáà jáde ní 1972, Gáà di ẹ̀dá-ìtàn: òǹkọ̀wé ni ó yan ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ àti ìran tí ó ti ń sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gbọ́ nípa Gáà nílé a máa fi ohun tí ó gbọ́ dáhùn ìbéèrè lórí eré náà. Kò yẹ kí olùkọ́ pa á lẹ́nu mọ́. Kí ó béèrè ohun tí Fálétí mú, ohun tí ó fi sílẹ̀, àti ohun tí ó fi kún un. Níbi ìyàtọ̀ yẹn ni ìtumọ̀ ẹ̀dá-ìtàn ti máa ń yéni.

Àwọn orúkọ kan kò tíì dúró sójú kan. Lítíréṣọ̀ alohùn, lítíréṣọ̀ àbáláyé àti lítíréṣọ̀ atẹnudẹ́nu ni a ń lò fún ohun kan náà, ṣùgbọ́n ìtẹnumọ́ wọn yàtọ̀. Àbáláyé ń sọ ti ọjọ́ orí, atẹnudẹ́nu ń sọ ti bí ó ṣe ń ràn, alohùn ń sọ ti ohùn. Ìjálá tí Ògúndáre Fóyánmu ti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́ alohùn láìsí àní-àní. Bóyá a lè pe èyí tí ó bá sọ̀rọ̀ nípa ayé òde òní nínú wọn ní àbáláyé, àríyànjiyàn wà níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá rí ọ̀kan nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìwé ìdánwò kò ní ìdí láti fi báírò pupa fa ìlà lé e kí ó tó wo àpẹẹrẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi tì í lẹ́yìn.